Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa: Kíkà Tó Yé Ọmọ, Àkọsílẹ̀ Tó Ṣeé Tẹ̀lé

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Olówógbowó

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni etí yín ń dúró dè. Akọ̀wé yóò sọ ọ́ nígbà tó bá kàn án. Iṣẹ́ tí ẹ rán àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni pé kí a wádìí ohun tó fà á tí ọmọ ẹni fi ń gba máàkì tó dára nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré, èyí tí a ń pè ní JSS, ṣùgbọ́n tí a bá gbé ìwé tó ti ibi iṣẹ́ wá fún un pé kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa, tí yóò máa wo òrùlé. A ti wádìí rẹ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ti ara ọkọ̀ epo bẹ̀rẹ̀, nítorí awakọ̀ pọ̀ láàárín wa. Gbogbo yín lẹ ti rí ọkọ̀ tó ń gbé epo bẹntiróò tí wọ́n kọ "Highly Inflammable" sí lẹ́yìn gàdàgbà. Ẹ bi ọmọ tó wà ní JSS 2 pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń ronú dáadáa, tí kì í ṣe olódo rárá, lè dá yín lóhùn pé ohun tí kò lè gbiná ni. Kí ló dé? Wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé "in" tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ a máa sọ ọ̀rọ̀ náà di òdì: "correct" ni ohun tó tọ̀nà, "incorrect" ni èyí tí kò tọ̀nà, "complete" ni ohun tó pé, "incomplete" ni èyí tí kò pé. Ohun tí tíṣà kọ́ ọ ló tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀, "flammable" àti "inflammable," ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tó ń yára gbiná ni àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ti da àwọn tó ni èdè gan-an láàmú, tó fi jẹ́ pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa kọ "flammable" nìkan.

Tí ẹ bá ní kí ọmọ yẹn pe ọ̀rọ̀ náà, yóò pè é bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò. Tí ẹ bá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní ṣi ẹyọ lẹ́tà kan. Ẹ ó fún un ní máàkì tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ ó rán an lọ dúró ti ọkọ̀ epo pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìdánwò ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó kàn wá gan-an. Òfin iṣẹ́ ti 1974 pa á láṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí a kọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sí. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ti 1987 sì sọ pé kí wọ́n lẹ àkékúrú òfin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Ìjà àwọn àgbà wa ló mú irú òfin báyìí wá, a kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àdéhùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì náà ni èyí tí a ń rí lára ògiri. Ta ló ń kà á fún wa? Àwọn ọmọ wa ni. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń dán òye ọmọ wò nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ààbò wa ni, ọ̀rọ̀ owó wa sì ni pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú wa gba ìwé kan níbi iṣẹ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ó gbé ìwé náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní JSS 3, ọmọ náà sì kà á ketekete láìkọsẹ̀. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọ́n fún un ní ìsinmi ni. Òótọ́ ni pé "leave" wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n "without pay" tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé kó lọ jókòó sílé láìgba owó. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n ní kó fèsì láàárín wákàtí 72 sí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Bàbá yìí lo ọjọ́ mẹ́ta náà nílé pẹ̀lú ìdùnnú, ó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Nígbà tí akọ̀wé ẹ̀ka wa fi máa rí ìwé náà, wákàtí 72 ti kọjá. A jà á, a sì rí i yanjú, ṣùgbọ́n owó oṣù kan gbáko lọ sí i. Lẹ́yìn èyí ni a wo káàdì ọmọ náà: máàkì 68 nínú 100 ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì ní tááàmù yẹn. A kò bá ọmọ náà wí. Káàdì yẹn ni a fẹ́ bá wí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dé orí 68? Nílé ẹ̀kọ́, wọn a fún ọmọ ní àyọkà kan, ìbéèrè a sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni a ń pè ní àkàyé. Ohun tó dára ni, a kò sọ pé kí wọ́n pa á tì. Irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọmọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Lánkútẹ́ fi gbàkùmì fẹ̀ǹtẹ̀ ṣẹ́ńdúkù ní ìdí kọ̀ǹbílà." Ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín. Àwa la jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀, kò ní ìtumọ̀ kankan. Ó yá, ìbéèrè kìíní: ta ló fẹ̀ǹtẹ̀ ṣẹ́ńdúkù? Lánkútẹ́ ni. Ìbéèrè kejì: kí ló fi fẹ̀ǹtẹ̀ rẹ̀? Gbàkùmì ni. Ìbéèrè kẹta: níbo ló ti ṣe é? Ní ìdí kọ̀ǹbílà. Ẹ ti gba mẹ́ta nínú mẹ́ta. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí, títí kan àwa tí a kọ ọ́, tó mọ ohun tí Lánkútẹ́ ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ìdánwò nìyẹn. Ìbéèrè a máa mú ọ̀rọ̀ inú àyọkà lò bó ṣe wà, ọmọ a fi ìka wá ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì da ìlà tó wà níbẹ̀ kọ. Èyí tó tún burú ni ìbéèrè tí wọ́n to ìdáhùn mẹ́rin sí lábẹ́ pé kí ọmọ mú ọ̀kan. Tí ìbéèrè bá jẹ́ 20, tí ọmọ kò sì ka àyọkà náà rárá, tó kàn ń fi ojú dídì mú ìdáhùn, ìṣirò fi hàn pé yóò gba nǹkan bíi 5. Ọmọ tó gba 9, ẹ kò lè mọ èyí tó mọ̀ àti èyí tó ta tẹ́tẹ́ rẹ̀.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, àdúgbò tí a jókòó sí yìí wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ dé ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn 1851, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wálé tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn àti àwọn ìjọ wọn ló dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri ẹ̀gbẹ́ ibí. Ní 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan tó kan Gold Coast àti Èkó pọ̀, nítorí abẹ́ ìjọba kan náà ni wọ́n wà nígbà náà. Òfin yìí ní owó ìrànwọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yóò gbà yóò tẹ̀ lé iye ọmọ tó bá yege nígbà tí ayẹ̀wò bá dé. Kíka Gẹ̀ẹ́sì àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú owó wá. Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ẹ rí i pé ó jọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní iye tí ènìyàn bá ṣe jáde, èyí tí àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ aṣọ láàárín wa mọ̀ dunjú. Tí owó bá wà lórí iye, kì í pẹ́ tí ojú fi ń kúrò lára bí iṣẹ́ náà ṣe dára sí.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú àṣà náà wá. Láti 1862 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Matthew Arnold, akéwì ńlá tó tún jẹ́ ayẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ láti 1851, wà lára àwọn tó pariwo lé e lórí. Ó kọ ọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ sí ìjọba láàárín ọdún 1860 sí 1870 pé, pẹ̀lú ọgbọ́n ìmúrasílẹ̀, ọmọ lè yege nínú ìdánwò ìwé kíkà láìmọ ìwé kà ní ti òótọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ọmọ a sì ti há a sórí kí ayẹ̀wò tó dé.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Olówógbowó kan náà di ayẹ̀wò nígbà tó yá. Henry Carr ni, tí wọ́n bí ní 1863, tó ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Wesleyan ní Olówógbowó níbí kó tó lọ sí Sierra Leone. Ó padà wá ṣe tíṣà ní CMS Grammar School, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889 láti máa yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú rẹ̀ kò dùn mọ́ gbogbo ará Èkó nínú, ẹ bi àwọn tó mọ ìtàn Herbert Macaulay. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò ka ìwé. Nígbà tó kú ní 1945, nǹkan bí ìwé 18,000 ló fi sílẹ̀, ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó ka ìwé tó báyẹn mọ̀ pé kíkà yàtọ̀ sí híhá sórí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti òní. Láti 1982 ni ètò 6-3-3-4 ti mú JSS wá. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 sì sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ, títí dé ìparí JSS 3, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò BECE. Ètò náà tún ní kí wọ́n má fi ìdánwò ọjọ́ kan péré ṣe ìdájọ́ ọmọ. Àyẹ̀wò tí tíṣà ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú máàkì. Ọgbọ́n gidi ni èyí. Tíṣà tó bá fẹ́ lè lo àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ yẹn láti bi ọmọ ní ìbéèrè tó nítumọ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni ní Àbújá tàbí ní Alausa.

Irú ìbéèrè wo? Ẹ mú ọ̀rá oògùn ORS tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń ṣu omi. Ìlànà ara rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: da gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yìí sínú omi mímọ́ lítà kan, rò ó títí yóò fi yòrò, tí wákàtí 24 bá pé, da èyí tó kù nù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Tí tíṣà bá bèèrè pé, "Lítà omi mélòó ni a ó lò?" ìbéèrè Lánkútẹ́ nìyẹn. Ọmọ yóò da "one litre" kọ, yóò sì gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí tíṣà bá bèèrè pé, "Omi inú ọ̀rá tí a kọ 50cl sí ni ó wà nílé, mélòó lo máa tú?" ọmọ gbọ́dọ̀ ronú kó tó dé orí méjì. "Màmá po oògùn náà ní aago méje òwúrọ̀ àná. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ nìyí, ọmọ tún ti yàgbẹ́. Ṣé kí a fún un nínú èyí tó kù?" Rárá, wákàtí 26 ti kọjá. Ìdáhùn náà kò sí nínú ìlà kankan, ṣùgbọ́n àyọkà ló bí i. "Ẹ̀gbọ́n fi ìdajì lítà po gbogbo ọ̀rá náà kí ó lè ta lẹ́nu. Kí ló burú níbẹ̀?" Iyọ̀ rẹ̀ yóò pọ̀ jù fún ara ọmọ náà, ó sì léwu. Ọmọ tó bá dáhùn àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí, a lè fi àbúrò rẹ̀ tì í lọ́wọ́ ká lọ síbi iṣẹ́.

Ohun kejì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa dán wò ni ètò bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra. Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń dojú ọ̀nà rú: before, after, until, unless. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa fò wọ́n bí ẹni ń fo gọ́tà. "Start the engine only after checking the oil." Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ṣáájú lórí ìwé, ṣùgbọ́n epo ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ẹ ní kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1 àti 2. Tó bá fi títa ẹ́ńjìnnì ṣe 1, ẹ ti mọ ibi tó ti ń ṣìnà. Tàbí èyí tí wọ́n ń kọ nípa rédíétọ̀, pé kí a má ṣí ìdérí rẹ̀ "until the engine is cool." Gbogbo awakọ̀ tó wà níbí mọ ohun tí omi rédíétọ̀ gbígbóná ń fi ojú ènìyàn ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì tó lóye "do not remove" ṣùgbọ́n tí kò lóye "until" yóò ní kí a má ṣí i láéláé. Èyí tó gbọ́ "remove" nìkan yóò ṣí i lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ti kíkọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ alálàyé ní JSS, níbi tí wọn yóò ti ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nǹkan kan. Àkọlé tó wọ́pọ̀ jù ni bí a ṣe ń se oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ràn jù. A ka díẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ wa. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ a máa sọ pé oúnjẹ ṣe pàtàkì fún ẹ̀dá ènìyàn, pé láìsí oúnjẹ ènìyàn kò lè wà láàyè. Ta ló bá yín jiyàn? Lẹ́yìn èyí: "I will put garri in hot water and it will become eba." Gbólóhùn náà dán mọ́rán. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò fojú kan ẹ̀bà rí, kí ẹ wo ohun tí yóò sè. Gààrí ife mélòó? Omi ló ń kọ́kọ́ dé inú abọ́ ni àbí gààrí? Ṣé a ó dé e mọ́lẹ̀ ká tó rò ó? Kò sí nínú rẹ̀. Tíṣà fún un ní 13 nínú 20, nítorí pé kò ṣi sípẹ́lì.

A wo bí WAEC ṣe ń pín máàkì àròkọ fún àwọn ọmọ ńlá, nítorí ibẹ̀ ni ojú àwọn tíṣà JSS náà wà. Máàkì 50 ni: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí a ṣe tò ó, 20 fún bí a ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì àti àmì àti gírámà. A kò lè sọ pé ìpín náà burú fún lẹ́tà tàbí ìtàn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún ènìyàn bí yóò ṣe ṣe nǹkan ní adájọ́ tirẹ̀, ìyẹn ni ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan náà. Tí kò bá rí i ṣe, àròkọ náà kùnà, bó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Tí ó bá rí i ṣe, kí ọmọ gba máàkì rẹ̀, kódà bí "s" kan bá fò.

Àwa òṣìṣẹ́ mọ irú àkọsílẹ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ tíṣà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ mọ̀ pé ohun èlò ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ, kí ènìyàn má baà dé ìdajì iṣẹ́ kó tó máa sáré wá sípánà kiri. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kan ni ìlà kan ń sọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tí a ń kìlọ̀ rẹ̀. Ìwé tó bá sọ ní ìlà kẹrin pé "ṣí ìdérí náà," tó wá sọ ní ìlà karùn-ún pé "ṣọ́ra, omi gbígbóná wà nínú rẹ̀," ilé ìwòsàn ni ẹni tó ń kà á yóò ti ka ìlà karùn-ún. Ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ kò nílò Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ láti kọ́ wọn.

A bá àwọn tíṣà kan sọ̀rọ̀, ká má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ náà pọ̀. Tí ọmọ bá jẹ́ 60 ní kíláàsì kan, tí tíṣà sì lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àròkọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí márùn-ún nìyẹn fún kíláàsì kan ṣoṣo, kíláàsì tó sì ń kọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá sídìí ìbéèrè tí ọmọ yóò kàn mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹrù lé wọn lórí bí ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Kí ọmọ méjì-méjì jókòó. Kí ọ̀kan kọ bí a ṣe ń fi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi, kó gbé e fún ẹnìkejì, kí ẹnìkejì tẹ̀ lé e bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìbèèrè ohunkóhun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tíṣà yóò rí ọkọ̀, yóò sì rí ohun tí kì í ṣe ọkọ̀. Àwọn ọmọ gan-an ni yóò máa bá ara wọn jà pé, "Ìwọ kò sọ ibi tí màá ti ká a!" Ọmọ tí wọ́n bá sọ báyìí fún kò ní gbàgbé mọ́.

Èyí tó kan ẹ̀yin tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Ẹ lè dán òye ọmọ yín wò. Tó bá ka ìwé tán, ẹ má sọ pé "O káre" kí ẹ sì dìde. Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ fetí sí i bí ẹ ṣe ń fetí sí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an: ta ni wọ́n ní kó ṣe é, nígbà wo, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí kò bá ṣe é. Tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà léraléra tí kò rí Yorùbá rẹ̀, ibẹ̀ ni kò yé e. Ẹ fi pẹ́ńsù fà á nídìí, kó lọ bèèrè lọ́wọ́ tíṣà lọ́la.

Awuyewuye wà láàárín àwa ìgbìmọ̀ lórí èyí. Àwọn kan ní bí ọmọ bá ń gba inú Yorùbá lóye, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní gún. A kò fara mọ́ ọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà odindi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n yára gbé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá yẹn ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Tó bá ti yé ọmọ ní èdè kan, èdè kejì yóò rí ibi dúró sí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí lónìí kò pọ̀. A fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé yín pé, nínú àyẹ̀wò tí tíṣà ń ṣe láàárín tááàmù, kí ó kéré tán ẹyọ kan jẹ́ ìlànà gidi tí ọmọ yóò kà tí yóò sì ṣe, kí ẹyọ kan sì jẹ́ ìlànà tí ọmọ yóò kọ tí ọmọ mìíràn yóò tẹ̀ lé. Kí wọ́n lo ìwé tó wà nínú ayé: ara oògùn, ara ẹ̀rọ, ara ògiri ilé iṣẹ́. Ẹ̀ka wa lè kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

A ó sì bẹ̀rẹ̀ níbí fúnra wa. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú yàrá yìí, kí ẹni tó bá ní ọmọ ní JSS mú un wá. Kí ọmọ mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ àti pẹ́ńsù dání. Kí òbí mú ìwé kan tó ti ibi iṣẹ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ bo orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, kó fi bébà lẹ̀ ẹ́. A ti rí ohun èlò ìpaná kan yá, èyí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ìlànà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò kà á, wọn yóò kọ ọ́ ní Yorùbá, alága wa yóò sì gbé e, yóò ṣe ohun tí wọ́n bá kọ nìkan. Alága ti gbà. A ó tan iná díẹ̀ sínú agolo lẹ́yìnkùlé, a ó sì gbé garawa omi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.